Níkẹ́ẹ̀lì Indonéṣíà, òrí tiwa: bí ìjọba bá ní ká má ta ọjà ní tútù mọ́, ta ló ń jèrè?

Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima kéde pé Nàìjíríà ti fòfin de kíkó kóró òrí lọ sílẹ̀ òkèèrè fún oṣù mẹ́fà. Ìṣirò tí ìjọba gbé kalẹ̀ kò le rárá. Nínú gbogbo kóró òrí tí aráyé ń ṣà, tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40%, ìyẹn nǹkan bí 350,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ṣùgbọ́n nínú ọjà òrí àgbáyé, tí wọ́n ní ó tó bílíọ̀nù 6.5 dọ́là, 1% péré ló ń kàn wá. Ìyókù ń lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra kóró náà, tí wọ́n ń fún ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n ń pò ó mọ́ ìpara àti ṣokoléètì, tí wọ́n sì ń tà á padà fún wa nínú ike kékeré ní owó gọbọi.

Ó ṣòro kí èèyàn gbọ́ ìṣirò yẹn kí inú má bí i. Ṣùgbọ́n ká tó pàtẹ́wọ́ fún òfin, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó fi kún ọwọ́ ìyá tó ń ṣa kóró òrí nínú igbó lápá Ṣakí tàbí Kaiama, tàbí ohun tó yọ kúrò níbẹ̀. A ò ní láti méfò lórí ìdáhùn rẹ̀, torí pé orílẹ̀-èdè kan ti ṣe irú òfin yìí ṣáájú wa, ó ṣe é tagbára-tagbára, ojú gbogbo ayé ló sì ṣe é. Indonéṣíà ni.

Láyé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ní 1986 síwájú, ìmọ̀ràn tí Báńkì Àgbáyé àti IMF ń fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni pé kí ìjọba yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, kí ọjà fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí a ó máa ṣe àti ohun tí a ó máa rà. Ẹni tó bá mọ iye ilé-iṣẹ́ aṣọ tó kógbá sílé lẹ́yìn ìgbà yẹn mọ ohun tí ọjà pinnu. Ní báyìí, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn náà ti yí ohùn padà. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe òfin CHIPS ní 2022, ó ya owó tó lé ní bílíọ̀nù 50 dọ́là sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà nílẹ̀ rẹ̀. Ṣáínà ti gbé ètò tiẹ̀ kalẹ̀ láti 2015. Bràsíl kéde tiẹ̀ ní oṣù kìíní 2024, bílíọ̀nù 300 owó reais títí di 2026, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ owó yíyá láti ọ̀dọ̀ báńkì ìdàgbàsókè wọn, BNDES. Ìjọba tún ti padà sídìí ẹ̀rọ, káàkiri ayé.

Àwọn kan ń fi owó fa ilé-iṣẹ́ mọ́ra, àwọn kan ń fi òfin lé e wọlé. Indonéṣíà ti ìlẹ̀kùn.

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń wa níkẹ́ẹ̀lì tó Indonéṣíà. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pò mọ́ irin kó má baà dípẹtà, irú èyí tí a fi ń ṣe ṣíbí àti ìkòkò. Òun náà ló sì wà nínú bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná. Ní erékùṣù Sulawesi àti Halmahera, inú erùpẹ̀ pupa ló wà, kò jìn sílẹ̀. Wọ́n á ro igbó orí rẹ̀ kúrò, katapílà á wa erùpẹ̀, tírélà á gbé e lọ sétí òkun. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ Indonéṣíà ń parí sí. Ọkọ̀ ojú omi á kó erùpẹ̀ náà lọ, ibòmíràn ni wọ́n á ti yọ́ ọ.

Òfin ìwakùsà tí wọ́n ṣe ní 2009 ló sọ pé èyí gbọ́dọ̀ dópin, ó sì fún àwọn awakùsà ní ọdún márùn-ún láti múra. Ní oṣù kìíní 2014, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ní 2017 wọ́n ṣí i díẹ̀, torí owó ń wọ́n ìjọba. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Joko Widodo, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Jokowi, ní òun yóò tì í pa ní 2022, kó tó tún fà á wá síwájú sí ọjọ́ kìíní ọdún 2020. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pè wọ́n lẹ́jọ́ ní WTO, àjọ tó ń rí sí òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, wọ́n sì dá Indonéṣíà lẹ́bi ní oṣù kọkànlá 2022. Kí ni Indonéṣíà ṣe? Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ kan tí adájọ́ rẹ̀ kò pé mọ́ láti ìparí 2019, nítorí pé Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n yan ẹlòmíràn sí i. Ẹjọ́ náà lọ sùn síbẹ̀, òfin náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n nìyẹn, mi ò lè purọ́.

Òfin náà mú èso wá. Ní Morowali, ní Àárín Gbùngbùn Sulawesi, níbi tí ilé-iṣẹ́ Tsingshan ti Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀ ibùdó ilé-iṣẹ́ kan láti 2013, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ti lé ní 80,000. Ìjọba Indonéṣíà máa ń yangàn pé owó tí níkẹ́ẹ̀lì ń mú wọlé látòkèèrè ti kúrò ní nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní 2017, ó ti lé ní bílíọ̀nù 30 ní 2022. Lónìí, níkẹ́ẹ̀lì tí Indonéṣíà nìkan ń wà ju ìdajì ti gbogbo ayé lọ. Àwọn ibi ìwakùsà níkẹ́ẹ̀lì ní Ọsirélíà tìlẹ̀kùn torí wọn ò lè bá a dù ú.

Nígbà tí wọ́n ṣe irú òfin kan náà fún bọ́ọ̀sáìtì, erùpẹ̀ tí wọ́n ń yọ aluminiọ́mù nínú rẹ̀, ní oṣù kẹfà 2023, èso rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sáìtì pọ̀ ní Gíní, ó pọ̀ ní Ọsirélíà, kò sẹ́ni tó ní láti kúnlẹ̀ bẹ Indonéṣíà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó lè lò ó nílé kò tíì tó. Àwọn tó ń wà á ká ọwọ́ lẹ́rán. Òfin kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, àbájáde méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Indonéṣíà ṣe àwòkọ́ṣe kó rántí pé méjèèjì ni ó ń kọ́.

Nínú níkẹ́ẹ̀lì tí a ní ó yọrí sí rere náà, àwọn kan wà tí òfin náà kọ́kọ́ gbá létí. Àwọn awakùsà Indonéṣíà fúnra wọn ni. Kí ìlẹ̀kùn tó tì, ẹni tó ń wa erùpẹ̀ lè tà á fún ẹni tó bá wù ú ní Ṣáínà, ní iye tí ọjà àgbáyé ń lọ. Lẹ́yìn 2020, ilé ìyọ́rin tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ló lè rà á. Oníbàárà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà: ẹ̀yin náà mọ ẹni tí yóò dárúkọ iye. Owó erùpẹ̀ nílé já wá sílẹ̀ gan-an sí ohun tó ń lọ lókèèrè. Lójú ìṣirò, ohun tí òfin náà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ó gba owó lápò awakùsà, ó sì fi sápò ẹni tó ní ilé ìyọ́rin. Irú ìrànwọ́ báyìí ò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba kankan, torí kì í ṣe ìjọba ló ń san án.

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹrin 2020, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ohun alùmọ́ọ́nì ní Jakarta ní láti ṣòfin iye tó kéré jù tí ilé ìyọ́rin gbọ́dọ̀ san fún erùpẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìlẹ̀kùn tì nìyẹn. Nínú gbogbo ìtàn níkẹ́ẹ̀lì yìí, òfin kékeré yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn tiwa gé, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn.

Ta ló wá ni ilé ìyọ́rin? Ìwádìí kan tó jáde ní 2025 fi hàn pé nǹkan bí 75% agbára tí Indonéṣíà ní láti yọ́ níkẹ́ẹ̀lì ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà. Kí wọ́n lè wá, ìjọba yọ̀ǹda kí àwọn tó bá kó owó ńlá wá má san owó orí èrè títí dé 20 ọdún. Faisal Basri, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan tó ti di olóògbé báyìí, sọ ọ́ ní gbangba ní 2023 pé èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà, nǹkan bí 90%, Ṣáínà ló ń lọ. Jokowi dáhùn, ó ní kí ló dé, báwo ni wọ́n ṣe ṣe ìṣirò yẹn, ṣé wọn ò rí owó orí àti iṣẹ́ tó wọlé ni. Àríyànjiyàn náà gbóná nínú ìwé ìròyìn wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kódà bí Faisal bá sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń mú èyí tó pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n ní Morowali, ọmọ onílẹ̀ ló ru igbá.

Ó rù ú ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2023, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún iná ìléru kan ṣe ní ibùdó Morowali nígbà tí ó bú gbàmù. Èèyàn 21 ló kú, ọmọ Indonéṣíà àti ọmọ Ṣáínà pọ̀. Nínú oṣù kìíní ọdún náà, ní ilé-iṣẹ́ mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ lórí owó iṣẹ́ àti ààbò, ẹni méjì kú. Èédú ni wọ́n ń jó láti fi mú iná wá fún àwọn ilé ìyọ́rin náà. Àwọn apẹja etíkun ń ké pé omi ti pọ́n, ẹja ti sá jìnnà.

Síbẹ̀ mi ò ní bá àwọn tó ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ tó kúrò ní abúlé ní Sulawesi, tó ń gba owó oṣù tó ju ti oko lọ, tó ń fi ránṣẹ́ sílé, kò ní gbà fún yín pé Morowali kò ṣe é lóore. Àwọn tó kọ́ yàrá, tí wọ́n ń gba owó ilé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń se oúnjẹ tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, àwọn náà jẹ nínú ẹ̀. Ìdàgbàsókè dé. Bó ṣe kárí tó ni ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, ìjọba tuntun Ààrẹ Prabowo Subianto gbé owó ìṣákọ́lẹ̀ lórí erùpẹ̀ níkẹ́ẹ̀lì sókè láti 10% sí láàárín 14% sí 19%. Ẹ kíyè sí ẹni tí wọ́n lọ bá: ẹni tó ń wa erùpẹ̀. Àdéhùn ọ̀pọ̀ ọdún láìsan owó orí wà nílẹ̀ pẹ̀lú ilé ìyọ́rin, bí àdéhùn bá sì ti wà lórí ìwé, kò rọrùn láti yí i.

Íńdíà gba ọ̀nà mìíràn, mo fẹ́ràn apá kan nínú tiẹ̀. Láti 2020, ètò tí wọ́n ń pè ní PLI, tó kan ẹ̀ka iṣẹ́ 14, máa ń fún ilé-iṣẹ́ lówó lẹ́yìn tó bá ti ṣe ọjà tó sì ti tà á. Bí o kò bá tà ju bí o ṣe ń tà tẹ́lẹ̀ lọ, o kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ètò yìí wà lára ohun tó sọ Sriperumbudur, lẹ́bàá Chennai, di ibi tí wọ́n ti ń to iPhone. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti abúlé, wọ́n ń sùn sí ilé àjùmọ̀gbé. Ní oṣù kejìlá 2021, oúnjẹ inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ṣe àwọn òṣìṣẹ́ Foxconn tó lé ní 150 léṣe débi tí wọ́n fi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dí ọ̀nà márosẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì wà ní títì pa di oṣù kìíní. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu kọ́ ilé gbígbé tó lè gba obìnrin 18,720, tí wọ́n ṣí ní 2024. Ẹni tó kọ ètò PLI kò ronú nípa bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n láìsí ibùsùn tó dára àti oúnjẹ tí kì í pani, kò sí obìnrin tí òbí rẹ̀ máa jẹ́ kó wá síbi iṣẹ́ náà.

Ẹ má sọ pé Nàìjíríà kò tíì dán irú èyí wò rí. A ṣe é lórí sìmẹ́ǹtì. Láti 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ ní ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti kó sìmẹ́ǹtì wọlé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń kọ́ ilé-iṣẹ́ nílé. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀bájànà dìde, ti Ìbèṣè dìde, àwọn mìíràn sì ń bẹ. Orílẹ̀-èdè tó ń kó sìmẹ́ǹtì wọlé di èyí tó ń tà á síta. Nínú ìwé, àṣeyọrí ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì 2024, àpò kan ti kọjá ₦10,000 níbi púpọ̀, ìjọba sì ní láti jókòó pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta tó di ọjà náà mú, kí wọ́n tó gbà pé àwọn yóò tà á láàárín ₦7,000 sí ₦8,000. Òkúta ilẹ̀ wa, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa, síbẹ̀ ẹni tó ń kọ́ yàrá méjì ní Ìbàdàn kò rí àǹfààní rẹ̀ lára owó tó ń san. Oníbàárà ló ru tibí, bí awakùsà ṣe ru ti Indonéṣíà.

Ó tó ká padà sórí òrí.

Ìgbà òjò ni èso òrí máa ń jábọ́. Ìyá tó ń ṣà á á ti wọ igbó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí ẹran náà ń jẹ ẹ́. Á bó ara èso náà, á bọ kóró rẹ̀, á sá a, á pa á, á tún un sá. Bó bá jẹ́ kóró ló fẹ́ tà, iṣẹ́ parí níbẹ̀: alájàpá á wá pẹ̀lú kóńgò àti àpò, owó á bọ́ sọ́wọ́. Bó bá jẹ́ òrí, ó ṣì ku kó gún un, kó yan án, kó lọ̀ ọ́, kó máa fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá rẹ̀ á fi léfòó, kó tó wá sè é. Igi ìdáná, omi, àti apá obìnrin ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé òrí lówó lórí ju kóró lọ. Owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ kì í dúró de iṣẹ́ yẹn. Kóró tó wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni báńkì rẹ̀.

Nígbà tí òfin dé, àwọn tó ń rà á lọ sókèèrè yọwọ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde láti ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí òrí pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, pé owó kóró ti já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awakùsà Sulawesi ní 2020 nìyẹn, láìyọ ọ̀kan kúrò, àfi pé ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí kò ní katapílà, kò ní ẹgbẹ́ tó lè lọ bá mínísítà.

Igbákejì Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nílé lè fún kóró tó tó 160,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, àti pé èyí tí wọ́n ń lò nínú agbára yẹn kò ju ìdajì lọ. Ẹ fi iye yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ 350,000 tọ́ọ̀nù. Kódà kí gbogbo ẹ̀rọ ilẹ̀ yìí máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, èyí tó ju ìdajì lọ kò ní ilé-iṣẹ́ tí yóò rà á. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn obìnrin yóò fọwọ́ ṣe. Ìyókù ńkọ́? Ìjọba ní 90,000 tọ́ọ̀nù ló ń gba ẹ̀yìn kúrò nílùú lọ́dún. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ṣakí àti Baruten wọ Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ pé fàyàwọ́ kò ní rẹ̀wẹ̀sì torí òfin. Yóò kàn máa san owó tó kéré sí i ni, torí ewu rẹ̀ ti pọ̀ sí i, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bá a dù ú. Burkina Faso àti Mali náà fi òfin dí kóró tiwọn ní 2024, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé òrí kò sí níbòmíràn. Tiwa sún mọ́ bọ́ọ̀sáìtì ju níkẹ́ẹ̀lì lọ.

Mi ò lòdì sí pé ká fún òrí wa nílé. Bí a ṣe tò ó ni mo lòdì sí. Ní ti sìmẹ́ǹtì, a mú ìwé àṣẹ so mọ́ ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ń dìde bí ọjà òkèèrè ṣe ń dínkù. Indonéṣíà fúnni ní ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kíní. Ní ti òrí, òfin bọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní àárín àsìkò òrí, nígbà tí kóró ti wà nínú àpò. Ní ọdún kan náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí àbá òfin kan tó ní ọjà tútù èyíkéyìí tí iṣẹ́ abẹ́lé kò bá tíì fi 30% kún iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ kárí, iye owó tó kéré jù fún ẹni tó ń ṣà á, tó ń gbìn ín tàbí tó ń wà á gbọdọ̀ wà nínú ìwé kan náà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lọ́jọ́ ọjà.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lápá Òkè Ògùn àti Kwara kò sì ní láti dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rọ tí ń pa kóró àti èyí tí ń lọ̀ ọ́, kànga tó ń fún wọn lómi tó mọ́, dísẹ́ẹ̀lì tàbí iná oòrùn tí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́, àti ìwé ẹ̀rí NAFDAC tí owó rẹ̀ kò ju agbára wọn lọ: bí owó ìrànwọ́ ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kó tó kan àwọn olówó tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, òrí tí wọ́n bá fún jáde yóò jẹ́ tiwọn, àwọn ni yóò sì dárúkọ iye fún alájàpá.